Ilé alárinà kan ní Flatbush: ohun tí 180 dọ́là rà fún mi, àti ohun tí kò rà

Kí n ti ibi tó ṣe pàtàkì jù bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá jẹ́ obìnrin Júù tó ń pa òfin mọ́, tí ẹ sì ń wá ọkọ ní Brooklyn, ìlú New York, ẹ lọ san owó ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ tí ilé alárinà yìí ń ṣe. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó san owó fún ọ́fíìsì wọn tó ń mú ọkùnrin àti obìnrin pàdé, ẹ ka ohun tí mo fẹ́ kọ yìí tán ná. Abẹ́ òrùlé kan náà ni méjèèjì wà, ẹnu ọ̀nà kan náà lẹ ó gbà wọlé, síbẹ̀ ọjà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Mi ò ní dárúkọ wọn. Irú ilé bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n ní Flatbush, àdúgbò kan ní Brooklyn, ohun tí ojú mi sì rí níbẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ wọn.

Ó yẹ kí ẹ mọ irú ẹni tí mo jẹ́, kí ẹ lè mọ bí ẹ ó ṣe wọn ọ̀rọ̀ mi. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo ti lé díẹ̀ lọ́gbọ̀n ọdún, Yorùbá ni bàbá àti ìyá mi. Mo wọ ẹ̀sìn Júù níwájú ìgbìmọ̀ adájọ́ ẹlẹ́ni mẹ́ta, mo rì sínú omi mikveh, adágún ìwẹ̀nùmọ́ wọn, mo sì dúró fún oṣù mẹ́ta tí òfin ní kí obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé dúró kó tó lè lọ́kọ. Giyoret ni wọ́n ń pe irú mi. Bàbá mi ni olórí ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Mo mẹ́nu ba ìyẹn nítorí pé fọ́ọ̀mù ilé yìí béèrè yeshiva, iléèwé ẹ̀sìn Júù, tí bàbá ẹni lọ. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ láìpa irọ́: “Olórí akọrin, ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà.” Ọmọbìnrin tó ń gba fọ́ọ̀mù wò mí, ó wo fọ́ọ̀mù, ó tún wò mí.

Ìwé méjì ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni. Èkíní ni èyí tí gbogbo wọn ń pè ní resume, ojú ewé kan péré: orúkọ, ọjọ́ orí, bí ẹ ṣe ga tó, orúkọ àwọn òbí àti àwọn òbí wọn, ibi tí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ti kẹ́kọ̀ọ́ àti ilé tí wọ́n gbé ìyàwó tàbí tí wọ́n lọ́kọ sí, sínágọ́gù tí ìdílé ń lọ, àti nọ́ńbà fóònù àwọn tí ènìyàn lè bi léèrè nípa yín. Èkejì ni fọ́ọ̀mù tiwọn fúnra wọn. Ṣé wíìgì lẹ ó máa dé lẹ́yìn ìgbéyàwó àbí ẹ ó máa wé aṣọ? Ṣé tẹlifíṣọ̀n wà nílé yín? Ọdún mélòó lẹ ó fi lè máa ṣiṣẹ́ bọ́ ilé bí ọkọ bá fẹ́ jókòó ti Tórà, ìwé òfin Mósè, ní kollel, iléèwé àwọn ọkùnrin tó ti gbéyàwó? Ìwọ̀n aṣọ yín ńkọ́? Mi ò fèsì sí ìbéèrè aṣọ yẹn, kò sì sẹ́ni tó bi mí léèrè ìdí. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé tí àwọn ń wò níbẹ̀ jẹ́ ilé tí wọn kò bí mi sí. Ìdajì ojú ewé mi ló ṣófo, mo sì ti rí i lójú ọmọbìnrin yẹn pé òfìfo náà ni wọn yóò máa kà.

Owó wọn nìyí: 180 dọ́là láti forúkọ sílẹ̀ fún ọdún kan, ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ̀kọ́ nìkan, 72 dọ́là. Bí ọ̀rọ̀ bá wá di ìgbéyàwó, ìdílé ọkọ á san 1,800, ìdílé ìyàwó náà á san 1,800. Gbogbo rẹ̀ ló ṣeé pín sí 18, nítorí pé 18 ni àwọn lẹ́tà Hébérù tó dúró fún ìyè bí ènìyàn bá ṣírò wọn, iye yìí sì ni àwọn Júù fi ń tọrẹ níbi gbogbo.

Alẹ́ Tuesday ni ẹ̀kọ́ máa ń wáyé, nínú yàrá ìjẹun ilé náà. Obìnrin nìkan ló ń wá; àwọn ọkùnrin ní tiwọn lọ́dọ̀ rábì lọ́jọ́ mìíràn. Ìyàwó rábì ló ń kọ́ wa. Wọ́n ti lé láàádọ́rin ọdún, ọ̀rọ̀ wọn yára, Yídíṣì àti Gẹ̀ẹ́sì ń wọ inú ara wọn lẹ́nu wọn, tí ẹ bá sì ní kí wọ́n tún un sọ, wọ́n á tún un sọ kíákíá bíi ti àkọ́kọ́. “Màmá” ni mo ń pè wọ́n. Wọ́n ní kí n máa pe orúkọ wọn, mo ní ẹnu mi kò gbà á, wọ́n rẹ́rìn-ín, ó sì parí síbẹ̀.

Ohun tí mo rò pé a ó bá níbẹ̀ ni ìwàásù: ní sùúrù, gbàdúrà, Ọlọ́run á ṣe é. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Inú Tálmúdù, ìwé ńlá tí àwọn àgbà Júù ti jíròrò òfin, ni Màmá ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní ojú ewé rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Sotah 2a, wọ́n ní ogójì ọjọ́ kí ọmọ tó di ọlẹ̀ nínú ni ohùn kan ti ń ké láti ọ̀run pé ọmọbìnrin lágbájá ni ti lágbájá. Gbogbo wa ti gbọ́ ìyẹn rí, gbogbo wa mi orí. Wọ́n wá ṣí Moed Katan 18b. Níbẹ̀, Shmuel, ọ̀kan nínú àwọn àgbà inú Tálmúdù, gbà kí ọkùnrin bá obìnrin ṣe àdéhùn ìgbéyàwó ní agbede-méjì ọjọ́ àjọ̀dún, kí ẹlòmíràn má bàa ṣíwájú rẹ̀. Báwo ni ẹlòmíràn ṣe lè ṣíwájú ẹni nígbà tí ohùn ti ké láti ọ̀run? Tálmúdù fúnra rẹ̀ béèrè bẹ́ẹ̀, ó sì dáhùn pé àdúrà ẹlòmíràn lè ṣe é. Màmá pa ìwé dé: “Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ohùn ọ̀run ṣe àwáwí pé òun kò dá ìpè fóònù padà.”

Láti ìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé owó mi kò ṣòfò.

Wọ́n kọ́ wa pé lára Rèbékà la ti kọ́ bí a ṣe ń béèrè lọ́wọ́ obìnrin. Ìránṣẹ́ Ábúráhámù kó ràkúnmí mẹ́wàá wá, ó kó ẹ̀bùn wá, ó gbàdúrà létí kànga, ohun tó sì gbàdúrà fún ṣẹ lójú ẹsẹ̀. Bàbá àti ẹ̀gbọ́n ọmọ ti sọ pé ọ̀dọ̀ Olúwa ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀, wọ́n ṣì pe ọmọbìnrin náà: “Ìwọ ó bá ọkùnrin yìí lọ bí?” Ó ní òun ó lọ. Rashi, àgbà tó ṣàlàyé Bíbélì, sọ níbẹ̀ pé láti ibí la ti mọ̀ pé a kì í fi obìnrin fọ́kọ bí kò ṣe pé ó fẹ́ bẹ́ẹ̀. Nínú Tálmúdù, ní Kiddushin 41a ẹ̀wẹ̀, wọ́n ní ọkùnrin kò gbọdọ̀ fẹ́ obìnrin tí kò tíì fojú rí, kó má baà rí ohun tí kò wù ú lára rẹ̀ nígbà tó bá yá kó sì kórìíra rẹ̀, bẹ́ẹ̀ Tórà ní kí o fẹ́ràn ọmọnìkejì rẹ bí ara rẹ.

Ọ̀dọ́bìnrin kan béèrè pé fọ́tò tí ọ́fíìsì ń gbà ńkọ́. Màmá kò fẹ́ràn fọ́tò rárá, wọn kò sì fi pamọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ́fíìsì ilé wọn náà ni. Wọ́n ní òfin sọ pé kí wọ́n rí ara wọn. Kò sọ pé kí àwọn ìyá ọmọkùnrin máa yẹ fọ́tò wò lórí tábìlì bí ẹni ń ṣa ewébẹ̀.

Ibi tí ẹ̀kọ́ náà ti wúlò jù ni ọ̀rọ̀ ìwádìí. Ẹ̀yin náà mọ bí ìwádìí ṣe rí nílé wa: a rán àǹtí, àǹtí rán ọ̀rẹ́, ọ̀rẹ́ mọ ẹnì kan ní àdúgbò, tí ọ̀rọ̀ á sì padà dé pẹ̀lú ìyẹ́ àti ìrù tí kò ní tẹ́lẹ̀. Láàárín àwọn Júù, òfin wà fún ẹnu ẹni tó ń béèrè, òmíràn wà fún ẹnu ẹni tó ń dáhùn. Rábì Yisrael Meir Kagan ti ìlú Radin, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Chofetz Chaim, tó kú ní 1933, ló kó àwọn òfin ẹnu jọ sínú ìwé tó gbé jáde ní 1873. Ọ̀rọ̀ àìdáa nípa ẹlòmíràn, ì báà jẹ́ òótọ́, èèwọ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá fẹ́ wọ inú ìgbéyàwó tí ohun kan tó burú wà nínú rẹ̀, tí ẹ sì mọ̀ nípa rẹ̀, ẹ kò gbọdọ̀ dákẹ́ pẹ̀lú. Inú ẹsẹ Bíbélì kan ṣoṣo ni méjèèjì wà, Léfítíkù 19:16: má ṣe lọ síwá sẹ́yìn bí olófòófó, má sì ṣe dúró ti ẹ̀jẹ̀ ọmọnìkejì rẹ.

Báwo la ṣe ń rìn láàárín méjèèjì? Àwọn ohun tí Màmá kọ́ wa nìyí, bí mo ṣe rántí rẹ̀. Ẹni tó ń dáhùn gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń sọ fúnra rẹ̀. Bí ẹlòmíràn ló sọ fún un, kó sọ pé ẹlòmíràn ló sọ ọ́. Kò gbọ́dọ̀ fi iyọ̀ sí i. Kò gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ó ń fi gbẹ̀san. Bí ọ̀nà mìíràn bá wà tí nǹkan náà fi lè yanjú láìsọ ọ́, kó gba ọ̀nà yẹn. Ní ti ẹni tó ń béèrè, ó gbọ́dọ̀ sọ gbangba pé nítorí ìgbéyàwó ni òun ṣe ń béèrè, kí onítọ̀hún má bàa rò pé òfófó lásán ni, kó sì máa sọ̀rọ̀ bí olófòófó. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ohun tí ẹ bá gbọ́, ẹ kò gbọdọ̀ gbà á gbọ́ pátápátá. Ẹ lè ṣọ́ra nítorí rẹ̀, ẹ lè tún béèrè níbòmíràn, àmọ́ lójú yín, ẹni rere ṣì ni onítọ̀hún títí ọ̀rọ̀ á fi hàn. Mo ti ronú lórí ìyẹn ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ dán an wò pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí ẹ gbọ́ nípa aládùúgbò yín láàárọ̀ yìí, ẹ ó rí i bó ṣe le.

Wọn kò fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n mú wa dán an wò. Ẹnì kan á ṣe ọ̀rẹ́ ọkùnrin, ẹnì kan á ṣe obìnrin tó ń pè lórí fóònù. Bí ẹ bá béèrè pé “Ṣé ènìyàn dáadáa ni?” Màmá á fi síbí lu ife. Wọ́n ní ta ni yóò dáhùn pé rárá? Ẹ béèrè ohun tí ojú ti rí. Nígbà tí ẹni tí wọ́n jọ ń gbé yàrá fọ́ nǹkan rẹ̀, kí ló ṣe? Bí ó bá ṣèlérí pé òun á dé ní aago méje, aago mélòó ló ń dé? Ta ni ó ń sá lọ bá nígbà tí ọkàn rẹ̀ bá bàjẹ́? Owó tó yá ńkọ́? Ìbéèrè wọ̀nyí ni mo mú lọ, mo sì ti lò wọ́n. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan tí mo pè nípa ọ̀rẹ́ rẹ̀ dákẹ́ nígbà tí mo béèrè bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ sí àwọn tó ń gbé oúnjẹ fún un nílé oúnjẹ. Ìdákẹ́jẹ́ náà pẹ́. Ó wá ní, “Ìbéèrè tó dáa ni.” Kò sọ ohun kankan lé e, kò sì ṣẹ̀ sí òfin kankan, èmi náà sì kúkú gbọ́ ohun tó yẹ kí n gbọ́.

Wọ́n kọ́ wa ìgbà tó yẹ ká sọ tiwa pẹ̀lú. Àìsàn, gbèsè, ìgbéyàwó àtijọ́, oògùn tí ẹnì kan ń lò: kì í ṣe ohun tí wọ́n ń kọ sí resume, kì í sì í ṣe ohun tí wọ́n ń sọ ní ìpàdé àkọ́kọ́, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí ọ̀rọ̀ àdéhùn tó wáyé, nígbà tí ẹni náà ti mọ̀ yín tó láti fi gbogbo yín wọn ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó bá fi ohun ńlá pa mọ́ títí wọ́n fi dúró lábẹ́ chuppah, ìbòrí tí wọ́n ti ń so tọkọtaya pọ̀, ti ta ọjà alábàwọ́n fún ẹlòmíràn.

Ó yá, ọ́fíìsì.

Ọkùnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi dára lórí ìwé. Dókítà eyín, ó fẹ́ràn ìrìn àjò, ó ń kọ́ Tálmúdù ní òròòwúrọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn tó fi orúkọ wọn sílẹ̀. Ẹni kejì tí mo pè ń yìn ín pé nígbà tó bá gbé ọwọ́ sókè láti súre fún ìjọ, ohùn rẹ̀ dùn. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ.” Kohen ni, ìran àlùfáà; àwọn ló ń súre bẹ́ẹ̀. Kohen kò lè fẹ́ obìnrin tí ọkọ ti kọ̀ sílẹ̀, kò sì lè fẹ́ giyoret. Léfítíkù 21 ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, kò sì sí rábì tó ń pa òfin mọ́ ní Brooklyn tó máa so irú yìgì bẹ́ẹ̀. Lórí fọ́ọ̀mù mi, mo kọ giyoret ní lẹ́tà ńlá. Lórí fọ́ọ̀mù tirẹ̀, ó kọ Kohen. Ẹni tó kó ìwé méjèèjì pọ̀ kò kà wọ́n. Nígbà tí mo pè wọ́n, wọ́n ní, “Ah, ẹ má bínú,” bíi pé wọ́n fi bàtà tí kò bá ẹsẹ̀ mi mu ránṣẹ́ sí mi.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí bí wọ́n ṣe ń ṣètò. Àwọn tí wọ́n kà sí ìṣòro ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ara wọn. Ọkùnrin tó lé ní àádọ́ta ọdún. Ọkùnrin tí kò tíì rí iṣẹ́ ṣe láti ìgbà tí mo wà ní yunifásítì. Ọkùnrin tí ìyá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló gbé fóònù, tó sì béèrè bóyá irun orí mi “ṣeé ṣe nǹkan sí”. Nígbà tí mo bi alárinà inú ọ́fíìsì léèrè ohun tó pa èmi àti wọn pọ̀, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé kí n fojú inú wò ó, àwọn tó lè gba irú mi kò pọ̀.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ẹ̀kọ́ ọjọ́ Tuesday. Ojú Màmá pọ́n. Wọ́n ní Tálmúdù ka iye ìgbà tí Tórà kìlọ̀ nípa àlejò tó wọlé sínú ẹ̀sìn, àwọn kan ní ìgbà 36, àwọn kan ní 46, kò sì sí ìkankan nínú wọn tó fún ọ́fíìsì láyè láti sọ ohun tí wọ́n sọ. Wọ́n ní kí ẹni náà lọ ka bí Bóásì ṣe bá Rúùtù sọ̀rọ̀ lóko. Wọ́n tún sọ ìtàn obìnrin ọlọ́lá ará Róòmù tó bi Rábì Yose ben Halafta léèrè ohun tí Ọlọ́run ń ṣe láti ìgbà tó ti dá ayé tán. Rábì ní ó ń jókòó, ó ń so ọkùnrin pọ̀ mọ́ obìnrin. Obìnrin náà ní ìyẹn nìkan? Ó to ẹgbẹ̀rún ẹrúkùnrin àti ẹgbẹ̀rún ẹrúbìnrin, ó ní ìwọ gbé èyí, ìwọ gbé tọ̀hún, òru ọjọ́ kan ló fi parí rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, orí ẹnì kan ti là, ojú ẹnì kan ti yọ, ẹsẹ̀ ẹnì kan ti dá, kálukú ń pariwo pé òun kò fẹ́. Rábì ní ìyẹn ni wọ́n fi ń sọ pé síso ọkùnrin pọ̀ mọ́ obìnrin le bí pípín Òkun Pupa níyà.

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣe mí ní kàyéfì títí di òní ni pé ìtàn yẹn ni wọ́n ń kọ́ni nínú yàrá ìjẹun, tí ọ̀nà obìnrin ará Róòmù sì ni wọ́n ń tẹ̀ lé nínú ọ́fíìsì, ògiri kan ṣoṣo ló là wọ́n. Èyí gan-an ni mo fi ń bu àbùkù lu ilé yìí. Kì í ṣe pé wọn kò mọ òfin. Wọ́n mọ̀ ọ́n ju èmi lọ. Ẹni tó mọ̀ ọ́n kò sí nídìí àwọn fáìlì ni.

Kí n má parọ́, ohun kan wà tí ọ́fíìsì ń ṣe dáadáa: bí ẹ bá ti pàdé ẹnì kan, wọ́n á pè yín ní ọjọ́ kejì, wọ́n á béèrè bóyá kí ẹ tún pàdé. Bí ẹ kò bá fẹ́, àwọn ló máa lọ sọ ọ́. Kò sí pé ọkùnrin kan á kàn dákẹ́ mọ́ ẹni lọ́wọ́. Lọ́bì hòtẹ́ẹ̀lì ní Manhattan ni ìpàdé máa ń wáyé, nítorí pé ọkùnrin àti obìnrin tí kì í ṣe tọkọtaya kò gbọdọ̀ wà nínú yàrá títì. Omi inú ìgò lẹ ó mu, nítorí pé oúnjẹ ibẹ̀ kì í ṣe kóṣà, èyí tí òfin Júù gbà láàyè. Bí ẹ bá wo yíká dáadáa, ẹ ó rí àwọn méjì-méjì mìíràn pẹ̀lú ìgò omi tiwọn, ọkùnrin pẹ̀lú fìlà dúdú, obìnrin tó jókòó ṣánṣán. Kò sẹ́ni tó ń wo ẹnìkejì.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Níbí ni mo ti rí ohun tó jọ tiwa. Àwọn Júù tí ìran wọn ti Ìlà Oòrùn Yúróòpù wá ní àìsàn àjogúnbá kan tó ń jẹ́ Tay-Sachs, tó lè pa ọmọ ní kékeré bí bàbá àti ìyá bá jọ gbé e sínú ẹ̀jẹ̀. Rábì Joseph Ekstein, tí àìsàn náà pa ọmọ rẹ̀ mẹ́rin, dá ètò Dor Yeshorim sílẹ̀ ní Brooklyn ní 1983. Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ àwọn ọ̀dọ́, wọ́n á fún kálukú ní nọ́ńbà dípò èsì. Nígbà tí wọ́n bá fi ẹni méjì han ara wọn, wọ́n á pe nọ́ńbà méjèèjì, ètò náà á sì sọ bóyá wọ́n lè fẹ́ ara wọn. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló gbé e, wọn kò ní sọ fún un, kí ọ̀rọ̀ má bàa bà á lórúkọ jẹ́. Ọgbọ́n ni. Ṣùgbọ́n AS ni mí, kò sì sí ibì kankan lórí fọ́ọ̀mù ilé alárinà tí wọ́n ti béèrè ìyẹn. Mo fi ọwọ́ mi kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀. Wọ́n bi mí pé kí ni. Mo jókòó, mo ṣàlàyé fún wọn bí ìyá Yorùbá ṣe ń ṣàlàyé fún ọmọ rẹ̀, mo sì fura pé wọn kò fi sínú fáìlì. Ẹ̀yin tí ẹ gbé e, tí ẹ bá débẹ̀, ẹ fẹnu ara yín sọ ọ́.

Màmá fi odindi ìrọ̀lẹ́ kan sọ̀rọ̀ lórí àdéhùn ìṣáájú ìgbéyàwó tí Beth Din of America, ilé ẹjọ́ àwọn rábì kan, ń lò. Nínú òfin Júù, ọkọ ló ń fún aya ní ìwé ìkọ̀sílẹ̀, get. Bí ó bá kọ̀, tí wọ́n sì ti pínyà, obìnrin náà kò lè fẹ́ ẹlòmíràn. Agunah ni, ẹni tí a so mọ́lẹ̀. Nínú àdéhùn yìí, àwọn méjèèjì gbà pé àwọn á fara hàn níwájú ìgbìmọ̀, ọkọ sì gbà pé òun á máa san owó ìtọ́jú lójoojúmọ́ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti pínyà tí kò tíì sí get. Àwọn kan nínú kíláàsì ní ọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀ kò yẹ lẹ́nu ẹni tó ń wá ọkọ. Màmá ní ẹni tó bá bínú nítorí pé ẹ ní kó fọwọ́ sí i ti dá yín lóhùn ìbéèrè kan tí ẹ kò tíì béèrè.

Wọ́n tún ní ohun kan lórí tábìlì àbáwọlé, pé bí ẹ bá san 54 dọ́là, wọ́n á gbàdúrà pẹ̀lú orúkọ yín ní Amuka, ibojì Rábì Yonatan ben Uzziel ní àríwá Ísírẹ́lì, níbi tí àwọn tó ń wá ẹnìkejì máa ń lọ. Mi ò san án. Mo mọ ọ̀nà tí mo ń gbà gbàdúrà.

Ó ku owó alárinà. Lójú òfin, bíi ti alágbàtà ọjà ni, gbèsè ni, kì í ṣe ẹ̀bùn. Ẹni tó bá mú àbá wá tí ó sì di ìgbéyàwó ní ẹ̀tọ́ sí i, ì báà jẹ́ ìyá àgbà tí kì í ṣe iṣẹ́ yìí. Yorùbá ní bí a bá mojú ara wa tán, alárinà á yẹ̀bá. Ti ibí kì í yẹ̀bá àfi tó bá gba owó. Ẹni tí mo ń bá pàdé báyìí, ọ́fíìsì kọ́ ló mú un wá. Obìnrin kan tí a jọ ń jókòó ní kíláàsì ló mọ̀ ọ́n, ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ni, ó sì ti gbọ́ bí mo ṣe ń béèrè ìbéèrè. Ọ́fíìsì gbọ́, wọ́n fi ìwé ránṣẹ́ sí mi pé bó bá di ìgbéyàwó, àwọn ní ìpín nínú rẹ̀ nítorí pé inú ilé àwọn la ti mọ ara wa. Mo gbé ìwé náà fún Màmá. Wọ́n kà á tán, wọ́n tẹ́ ẹ sábẹ́ ife tíì wọn, wọ́n ní obìnrin tó sọ orúkọ ọkùnrin náà ló ni owó rẹ̀, gbogbo rẹ̀, àti pé àwọn yóò bá rábì sọ̀rọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ má pè wọ́n láti ọ̀sán Friday títí di alẹ́ Saturday, kò sẹ́ni tó máa gbé fóònù nítorí Ṣábáàtì. Ẹ pè ní Sunday. Ọmọbìnrin tó bá gbé e á fẹ́ forúkọ yín sílẹ̀ pẹ̀lú 180 dọ́là lójú ẹsẹ̀. Ẹ sọ fún un pé ẹ̀kọ́ Tuesday nìkan lẹ fẹ́, 72, ẹ sì jókòó sí apá ọ̀tún Màmá, nítorí pé etí òsì wọn kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn mọ́.